Òkúta Tí Ìyá Fáṣínà Yan

Ogójì ọdún ni ìyá Fáṣínà fi yan gàárì ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Kò wọ́n ọn lọ́jọ́ kan. Orin tó máa ń kọ nídìí agbada ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló di pé ó ń dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ẹnu kànga. Nígbà tó yá, tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀, yóò sọ "Fá," yóò dúró mí, kó tó wá fi "ṣínà" kún un.

Fáṣínà kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìyá òun ti ń pe orúkọ òun ní ìdajì ìdajì bí ẹni ń bu iṣu jẹ. Ìyá náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á di ikọ́, ikọ́ náà kò sì ní tán bọ̀rọ̀. Fáṣínà jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́ náà.

Fáṣínà kò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta nílé ẹ̀kọ́ girama ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ibẹ̀ náà ló sì bá ìwé dé. Iṣẹ́ fíríìjì ló lọ kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó ṣe fírídọ́ọ̀mù tán, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà Òkè-Ajé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹnu rẹ̀ kò dùn, àmọ́ etí rẹ̀ dára. Yóò gbé etí lé ẹ̀yìn fíríìjì, yóò pa ojú dé, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é kó tó tú nǹkan kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní dókítà, wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni.

Dókítà gidi ni ó gbé ìyá rẹ̀ lọ bá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkùnrin náà wo fọ́tò àyà ìyá náà pẹ́. Ó ní èéfín ogójì ọdún ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ohun tó lè ṣe é lóore ni kó máa fa ọ́síjìn nílé, ojoojúmọ́, fún wákàtí púpọ̀. Ti inú sílíńdà kì í lò tó ọjọ́ kan kó tó tán. Ó ní ẹ̀rọ kan wà tó ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ lásán, tó kàn nílò iná mànàmáná. Ó wá wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Fáṣínà, kò sì sọ iye tí wọ́n ń tà á.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà sí Ìmùṣin, ìyá ń sùn, ó fi orí lé e léjìká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí lọ yí bọ̀ nínú Fáṣínà: ẹ̀rọ kan wà. Bí ẹ̀rọ bá wà, èèyàn ló ṣe é. Ohun tí èèyàn bá ṣe, èèyàn lè tú u, kó sì tún un tò. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn, kò sì tíì rí ibi tó ti jẹ́ irọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí fóònù. Ó rí àwọn èèyàn ní ìlú òkèèrè tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é. Òyìnbó tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ le jù fún un. Àwòrán ni kò le. Páìpù ni, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni, fáàfù ni. Ohun tó ń bá sùn tó ń bá jí ni.

Mubarakah ló bá a ka òyìnbó náà. Fáṣínà ti tún fíríìsà ìyá ọmọbìnrin yìí ṣe rí. Yunifásítì tó wà ní Ìjagun ló ń lọ, ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ló ń kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Fáṣínà fẹ́ ṣe, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá Fáṣínà, ọ́síjìn lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ ò kúkú ṣe òjò."

"Tó o bá rí àwòrán òjò, mú un wá," Fáṣínà dá a lóhùn.

Ọmọbìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohun tó kà fún un kò ṣòro. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá márùn-ún ni. Ìdá kan nínú rẹ̀ ni ọ́síjìn, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ náítírójìn pátá. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní síoláìtì. Bí a bá fi agbára fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù tí òkúta yìí kún, òkúta á di náítírójìn mú, ọ́síjìn á sì kọjá. Páìpù méjì ni wọ́n máa ń lò. Bí ọ̀kan ṣe ń gbà, èkejì á máa tú ohun tó dì mú dànù, bí ẹni tó ń mí sínú tó ń mí síta. Ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gbọ́ èyí. Ó ní àwọn náà ti wá rí ohun tó mọ̀ ọ́n mí ju òun lọ.

Oṣù márùn-ún ni Fáṣínà fi to ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì ló kọ́kọ́ fi sí i, nítorí òun ló pọ̀ nílẹ̀. Mubarakah ní kó yọ ọ́ kíá, pé òróró inú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ wọnú ìyá lọ. Ó gba èyí tí kì í lo òróró lọ́wọ́ oníṣẹ́ eyín kan tó máa ń bá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Èyí tó ti bàjẹ́ ni, ó sì tún un ṣe. Inú ògbólógbòó fíríìjì kan tí kò ní ilẹ̀kùn ló to gbogbo rẹ̀ sí. Àwọn tó ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ń bi í bóyá omi tútù ló ń tà. Nígbà tó tò ó tán, ó gbé e lọ sílé ní Ìmùṣin.

Òkúta ló kù. Láti òkèèrè ni wọ́n ti fi ránṣẹ́, ó gba Èkó wá, ó sì pẹ́ lọ́nà fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà òjò ló wọlé. Nígbà tí Fáṣínà lọ gbà á ní ibùdókọ̀, ó bá àpò náà lábẹ́ páànù tó ń jò. Ìdí rẹ̀ ti ya.

Ó gbé e délé, ó rọ ọ́ sínú páìpù, ó tan ẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀rọ wíwọ̀n kékeré kan tó ń ka ọ́síjìn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, mọ́kànlélógún ló máa ń kà. Aláìsàn nílò kó tó àádọ́rùn-ún. Ó gun mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́.

Mubarakah ní omi ló wọ òkúta náà. Òkúta tó ti mu omi yó kò ní àyè tí yóò fi di náítírójìn mú. Wọ́n ní láti gbẹ ẹ́. Ààrò ńlá kan wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn tó lè gbẹ ẹ́, àmọ́ wọ́n ti gba ìsinmi, ilẹ̀kùn wà ní títì di oṣù tó ń bọ̀.

Fáṣínà kò lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ó ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Ìmùṣin máa ń ṣe sí ohun tó bá tutù. Ó tẹ́ ẹní sí àárín ọgbà, ó sá òkúta náà sóòrùn. Ó jókòó tì í bí ẹni ń lé adìyẹ. Ọjọ́ méjì gbáko ni oòrùn fi ràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kó o wọlé, ó tan ẹ̀rọ, ó kà á.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ó pa á. Ó jókòó sílẹ̀. Mubarakah ń wo inú ìwé. Ìyá ló sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Orúkọ oríkì ló fi pe ọmọ rẹ̀.

"Àkàngbé." Ó mí. "Oòrùn kì í gbẹ gàárì. Iná ní í gbẹ ẹ́."

"Ìyá, òkúta ni. Kì í ṣe gàárì."

"Mo mọ̀ pé òkúta ni. Ṣé ojú ló ń dùn mí ni?"

Ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dán gàárì wò. Ó ní omi kò sí lára rẹ̀, inú rẹ̀ ni omi wà. Gàárì tó bá gbẹ lójú tó tutù nínú, kì í lò tó oṣù kan nínú àpò kó tó bu. Afẹ́fẹ́ àsìkò òjò, omi ni. Ẹni tó sá nǹkan síta lásìkò yìí, ṣe ló ń fún un ní omi mu. Iná tó rọra ń jó ni wọ́n fi ń lé omi inú. Wọ́n á máa rò ó láìsinmi, wọ́n á sì dé e ní gbígbóná kí afẹ́fẹ́ tó kàn án.

Mubarakah yí ìwé rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó wá ibì kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ìyá. Ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an nìyẹn: kí wọ́n fi iná yan án, kí wọ́n sì dé e ní gbígbóná. Òun ti kà á kọjá nítorí ó ti ń ro ti ààrò ilé ẹ̀kọ́.

"Kí ló dé tí wọn ò wá bi mí kí wọ́n tó kọ ọ́?" ìyá bi í.

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì húkọ́.

Fáṣínà ní lọ́jọ́ kejì òun á gbé sítóòfù onígáàsì wá láti ṣọ́ọ̀bù, òun á yan án fúnra òun. Ó ní kí ìyá má sún mọ́ ilé gàárì, kò gbọdọ̀ sí èéfín rárá. Ìyá ní, "Mo ti gbọ́." Ó yẹ kí Fáṣínà mọ̀. Lẹ́nu ìyá rẹ̀, mo ti gbọ́ kò túmọ̀ sí pé mo gbà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi pè é láti Òkè-Ajé pé yàrá yìnyín àwọn ẹlẹ́ja ti kọṣẹ́, ẹja ti ń rọ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ. Ó rò pé òun á ti padà kó tó di ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ló padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Matilda ló sọ ọ́. Matilda ni ìyàwó ilé tó tẹ̀ lé tiwọn, abẹ́ ìyá yìí ló ti kọ́ gàárì yíyan. Ó ní ìyá pe òun, ó ní Fáṣínà ló ní kí àwọn yan òkúta náà. Òun dáná. Òjò ti pa igi, èéfín pọ̀. Òun ní kí ìyá jókòó sókèèrè, ó sì jókòó sókèèrè. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi páàkàrá igbá rò ó. Kò pẹ́ tí ìyá fi dìde.

"Ò ń rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Gbé e fún mi."

Matilda kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Agbada mẹ́rin ni ó yan. Ó máa ń kúrò nídìí iná lọ húkọ́, á sì tún padà wá. Matilda bi í báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ, nítorí funfun ló wà látìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ìyá ní wọn kì í fi ojú yan nǹkan, etí ni wọ́n fi ń yan án. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ sókè kí Matilda dákẹ́.

"Gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ti yí padà."

Matilda ní òun fetí sílẹ̀, òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì ní gbígbóná, ó fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀, ó fi okùn dì í. Lẹ́yìn náà ló lọ fara ti òpó.

Ibẹ̀ ni Fáṣínà bá a. Ètè rẹ̀ ti dúdú díẹ̀. Èéfín wà ní gèlè rẹ̀, ó wà ní aṣọ rẹ̀, ó wà ní awọ ara rẹ̀. Fáṣínà pariwo mọ́ ọn. Kò pariwo mọ́ ọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni? Fún ta ni mo ń ṣe é?"

Ìyá kò bá a jà. Ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì náà. "Fá." Ó mí, ó tún mí. "Ṣínà. Rọ ọ́ sí i. Jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Fáṣínà ní òun kò rọ nǹkan kan. Inú ń bí i. Ó ní ó di ọ̀la, nígbà tí orí òun bá ti wálẹ̀. Ó gbé ìyá wọ yàrá, ó fi ìrọ̀rí gbé e sókè, ó sì jáde lọ jókòó síta.

Kẹ́ẹ̀gì wà ní ìdí ògiri. Ẹ̀rọ wà nínú pálọ̀. Iná mànàmáná wà, kò lọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní òwúrọ̀, ìyá kò lè parí orúkọ rẹ̀ mọ́. Fáṣínà gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di í mú sáyà títí wọ́n fi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ọ́síjìn sí i nímú. Ó wo ọmọ rẹ̀ díẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti lọ.

Dókítà pe Fáṣínà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní bó ṣe rí yìí, ẹ̀rọ inú ilé kì bá tí yí nǹkan kan padà. Fáṣínà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbà á gbọ́. Títí di òní, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gbà á gbọ́.

Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn wá, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ọkùnrin kan nínú àwọn tó wá kí wọn fi kẹ́ẹ̀gì náà ṣe àpótí ìjókòó. Fáṣínà ní kó dìde. Ọkùnrin náà rò pé àga ni yóò gbé fún òun. Fáṣínà gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé, kò gbé àga kankan jáde.

Ó lé ní oṣù méjì tí kò fi fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ó da aṣọ bò ó. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bọ̀. Bí wọ́n bá pè é ní dókítà, kì í dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, Mubarakah wá sí Ìmùṣin. Ó kí i, ó jókòó, ó sọ ohun tó gbé e wá. Bàbá rẹ̀, Yẹ̀kínì, káfíńtà ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tó ń fa ìyẹ̀fun pákó símú, ó sì ti bọ́ sórí ibi tí ìyá Fáṣínà wà tẹ́lẹ̀.

"Kò lè dùbúlẹ̀ mọ́," Mubarakah sọ. "Níjòkòó ló ń sùn."

"Èèyàn kan ni mo ṣe é fún," Fáṣínà sọ.

"Mo mọ̀."

Kò bẹ̀ ẹ́. Kò sì dìde. Wọ́n jókòó báyẹn títí oòrùn fi kúrò lójú ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Fáṣínà lọ gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde. Ó tú okùn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ta kókó rẹ̀ ló wà, kókó kan lórí kókó kan, bó ṣe máa ń di ẹnu àpò gàárì. Ó lè fi ọ̀bẹ gé e. Ó fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá ṣí, òórùn ilé gàárì jáde sí i lójú. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ó rọ òkúta náà sínú páìpù méjèèjì. Ó tan ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí, ọ̀kan ń gbà, ọ̀kan ń tú. Mubarakah ló ń ka òǹkà, nítorí Fáṣínà kò wò ó.

"Méjìléláàádọ́ta," ó sọ. Ó dúró. "Ọ̀kànléláàádọ́rin." Ó tún dúró, ó pẹ́. "Bọ̀ọ̀dá Fáṣínà. Ọ̀kànléláàádọ́rùn-ún."

Fáṣínà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ náà, ó sì sun ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ẹ̀rọ náà ń mí lẹ́yìn rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mubarakah lọ mú dókítà ọjọ́ kìíní wá. Ọkùnrin náà há ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sí ìka Yẹ̀kínì, ó yẹ gbogbo páìpù wò, ó bi Fáṣínà ní ìbéèrè púpọ̀ kó tó gbà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Yẹ̀kínì dùbúlẹ̀, ó sùn. Nígbà tó jí, ó bi Fáṣínà pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti kọ́ irú iṣẹ́ yìí.

"Fóònù ni," Fáṣínà kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ilé gàárì ni, sà."

Yẹ̀kínì rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàdúà fún un.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, òǹkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó kúrò ní àádọ́rùn-ún, ó dé ọgọ́rin. Fáṣínà kó òkúta náà padà sí Ìmùṣin. Ó gbé agbada ìyá rẹ̀ lé orí sítóòfù onígáàsì, kò sí igi, kò sí èéfín. Ó mú páàkàrá igbá tó wà lára ògiri. Ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń dì í mú ti dán.

Ó pe Matilda wá, ó bi í pé báwo ni ohùn náà ṣe rí. Matilda ní òun ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òun kò gbọ́ ọ. Ó dúró díẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Fáṣínà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Agbada kìíní, ó tètè sọ̀ ọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dà á padà. Ó tún rò ó. Ọwọ́ ń ro ó, òógùn ń kán sílẹ̀. Ó pa ojú dé bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn fíríìjì. Òkúta ń yí lórí irin, ohùn rẹ̀ wúwo, ó dùn bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lórí yanrìn tútù. Ó pẹ́ báyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́.

Ohùn náà wá fúyẹ́. Ó di bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí páànù ilé tó jìnnà.

Ó gbé ọwọ́ sókè, bí ẹni tó fẹ́ kí ẹnì kan dákẹ́ gbọ́ ọ. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó bu òkúta náà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì dé e kí afẹ́fẹ́ tó kàn án.